Wọ́n Ní Bàtá Ń Kólòlò

Bí o bá fẹ́ kí ojú bàbá mi pọ́n, sọ fún wọn pé bàtá ń kólòlò. Ilé wa wà lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé onílù bàtá ni, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wa. Àwọn tó wá ra èlùbọ́ ń sọ ọ́, àwọn awakọ̀ tó ń dúró de èrò ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ ń dun bàbá mi jù ni ìyá mi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé ìyá mi níyàwó, ilé onídùndún sì ni ilé tí wọ́n bí wọn sí. Bí bàbá mi bá ti gbé ìlù kọ́rùn, tí wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó jáde lọ sóde eré, ìyá mi á ti ìdí ààrò fèsì: “Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán o, kí ẹ tó máa lọ.” Bàbá mi á ní ẹni tí kò gbédè ni í pe elédè ní akólòlò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, lọ́dọọdún.

Àárín àwọn méjèèjì ni mo dàgbà sí. Obìnrin ni mí, wọn kò gbé bílálà, awọ tí a fi ń na bàtá, lé mi lọ́wọ́, kọ̀ǹgọ́ dùndún kò sì kàn mí, ṣùgbọ́n ta ni í dí ọmọ Àyàn létí? Èmi ni mo ń fá irun ara awọ ewúrẹ́, èmi ni mo ń rẹ ọ̀ṣán sómi, mo sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin ń bá ara wọn sọ. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo tó ráyè ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa ìlù méjèèjì, tí mo ń fi í wé ohun tí mo gbọ́ nílé. Ìjà ìyá àti bàbá mi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó mọ ara wọn. Ìtàn Ọ̀yọ́ ló wà nínú rẹ̀, láti ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú àtijọ́, títí di àná.

Ìlù ilé ìyá mi ni kí n kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n má baà ní mo ṣègbè. Ìyáàlù dùndún ní ojú méjì, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ọ̀ṣán awọ sì so ojú kan mọ́ èkejì yíká. Onílù á gbé e kọ́ èjìká, á fi ọwọ́ kan di ọ̀ṣán mú, á fi ọwọ́ kejì mú kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ lórí, ojú kan ṣoṣo ni yóò sì máa lù. Bí ó bá fún ọ̀ṣán, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn á wálẹ̀. Nítorí pé ọwọ́ lè fún un díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìjá, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń yọ̀ lẹ́nu wa nígbà tí a bá pe “Òjó” tàbí “ọ̀rẹ́”. Kò sí ibi tí ohùn èèyàn gbà tí dùndún kò lè gbà. Kẹríkẹrì, ìṣaájú àti kànnàngó á máa gbè é. Gúdúgúdú nìkan ni kò ní ọ̀ṣán tí ọwọ́ ń fún: àwo kékeré olójú kan ni, onílù á gbé e kọ́ àyà, á máa fi awọ méjì ta á, ìyẹn sì ni ìyá mi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Ìlù ilé bàbá mi kò ní ìbàdí, kò sì sí ohun tí ọwọ́ lè fún lára rẹ̀ nígbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ńlá ni ojú òjò, ojú kékeré ni ṣáṣá. Onílù á gbé ìyáàlù kọ́rùn ní ìbú, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú òjò, á fi bílálà na ṣáṣá. Ìda dúdú ni a ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò kí ohùn rẹ̀ lè rinlẹ̀. Ohùn tí ọwọ́ bá rí níbẹ̀ náà nìyẹn: àtẹ́lẹwọ́ tó kúrò lára awọ kíá, àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ̀ mọ́ ọn, bílálà nìkan, bílálà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Kò sí yíyọ̀ láàárín ìkan sí ìkejì. Bí ìyáàlù bàtá bá fẹ́ pe “Òjó”, ẹyọ ẹyọ ni yóò gé e. Omele abo á gba díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, omele akọ àti kúdi á máa fi bílálà méjì méjì ta lé wọn lórí. Etí tí dùndún ti tọ́ dàgbà á wá gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ há ẹnìkan lọ́fun. Òun ni wọ́n ń pè ní ìkólòlò.

Ṣé dùndún náà wá ń sọ̀rọ̀ ketekete tó bí wọ́n ti ń wí? Mo ní ẹjọ́ kan láti bá a rò. Ohùn nìkan ni dùndún ń mú, kì í mú ọ̀rọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn òkè méjì: ẹ wo iye ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè wọ inú aṣọ yẹn. Ohun tó ń jẹ́ kí ó yé wa ni pé onílù kì í sábà mú ohun tuntun wá. Oríkì tí ilé ti mọ̀ ni, òwe tí gbogbo èèyàn ti gbọ́ ni, àwa tí a ń gbọ́ la ń fi ọ̀rọ̀ kún ohùn. Àwọn ará Ìbàdàn fi èyí hàn gbangba nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ń fi dùndún ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Èdè Òyìnbó ni onílù ń lù. Ó ń kéde pé ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà nìyí. Àwọn ará Ìbàdàn tẹ́tí, wọ́n ní irọ́ ni, ó ń béèrè pé b'Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò jọba? Títí di òní, ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Ìbàdàn mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ìlù kan náà, ohùn kan náà, ó di èdè méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tẹ̀. Nígbà tí mo rò ó fún ìyá mi, wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ará Ìbàdàn ni.

Bàtá ní tirẹ̀ ní èdè kan tó wà lábẹ́ èdè. A ń pè é ní ẹnà. Nílé wa, kí ọmọ tó fọwọ́ kan ìlù, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ fi lù ú. Ìlù kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ bá lù ní sílébù tirẹ̀, a ó sì máa fi sílébù wọ̀nyẹn rọ́pò ọ̀rọ̀ gidi títí yóò fi mọ́ wa lẹ́nu. Ẹni tí kò bá sí nínú ilé lè jókòó tì wá láti àárọ̀ di alẹ́ kó má mọ ohun tí a ń sọ. Bàbá mi àti àwọn àbúrò wọn a máa fi ẹnà jíròrò lójú ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀ eré, kí onítọ̀hún má baà mọ̀ pé owó tó ná wọn ni wọ́n ń bú. Amanda Villepastour, tó kọ́ bàtá lọ́dọ̀ Rábíù Àyándòkun ti Ẹrin-Ọ̀ṣun, kọ odidi ìwé lé ẹnà lórí ní 2010. Ohun tó wà níbẹ̀ jọ mí lójú nítorí pé mo ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu kí n tó kà á: bàtá kì í wo ohùn nìkan. Ó ń wo bí kọ́ńsónáǹtì ṣe le tàbí bí ó ṣe rọ̀, ó ń wo fáwẹ́lì tó dún gbọnmọ àti èyí tó fúyẹ́, ó sì ń yan ibi tí ọwọ́ yóò bà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rí. Nǹkan tí dùndún fò, bàtá mú un. Ẹni tí wọ́n ní kò lè sọ̀rọ̀ ló wá ń sọ jù.

Nínú ìlù méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ dé? Lójú àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bàtá ni ìlù Ṣàngó, Ṣàngó sì jẹ Aláàfin kí ó tó di òrìṣà. Bí Ọ̀yọ́ bá máa fi ọba jẹ, ìdí Ṣàngó ní Kòso wà lára ibi tí ọba náà gbọ́dọ̀ dé. Ní ti dùndún, ẹbí rẹ̀ pọ̀ lọ lójú ọ̀nà òkè: àwọn Haúsá ní kàlàǹgú, àwọn Dagomba ti Gánà ní lunna, àwọn Wolof ti Sẹ̀nẹ̀gà ní tama, gbogbo wọn ni ìbàdí wọn tín-ín-rín tí wọ́n sì ní okùn tí apá tàbí ọwọ́ ń fún. Ọ̀nà oníṣòwò àti ẹlẹ́ṣin ni gbogbo ibẹ̀, ọ̀nà tí Ọ̀yọ́-Ilé jókòó sí létí rẹ̀ gan-an. Mo gbà pé àlejò tó di onílé ni dùndún. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní kósó, òun náà ní okùn tí a ń fún, ṣùgbọ́n ojú kan ló ní, Aláàfin nìkan ni wọ́n sì ń lù ú fún. Nítorí náà ilé ìyá mi kì í ṣe ará ẹ̀yìn odi láàfin. Wọ́n ti wọ inú, wọ́n ti rí ibi jókòó, wọ́n sì ń lu oríkì àwọn ọba tó ti wàjà lẹ́sẹẹsẹ, ìlú sì ń ti ẹnu wọn mọ ẹni tó tẹ̀ lé ẹni. Àwọn arọ́kin, tí Ológbò jẹ́ olórí wọn, ń fi ẹnu ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọ̀dọ̀ wọn ni Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, ti rí púpọ̀ nínú ohun tó kọ sí ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tó parí ní 1897 tí kò sì jáde títí di 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Bàtá kì í lu ìtàn ọba lẹ́sẹẹsẹ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ara gbọ̀n. Elégùn Ṣàngó ń bẹ níwájú rẹ̀, eégún ń bẹ níwájú rẹ̀. Bí ẹlẹ́sà, ẹni tó ń ké ẹ̀sà eégún, bá gbé ohùn sókè, bàtá á sún sẹ́yìn fún un, bí ó bá sì mí, bàtá á já ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1826, nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò Òyìnbó, àti ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander dé Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún àwọn àlejò. Àwọn eégún jó nínú àpò, òmíràn di òjòlá, ẹni ìkẹyìn sì bọ́ awọ ara rẹ̀ ó jáde bí Òyìnbó, funfun báláú, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Clapperton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìbínú, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Eégún apidán kì í yà kúrò lọ́dọ̀ bàtá. Àwọn tó lu ìlù fún Òyìnbó tó bọ́ awọ yẹn, ará wa ni wọ́n.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà kó ohun tó kù wá sí Àgọ́-Ọjà, ó sọ ọ́ di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, ó sì tún ààfin tò bí ti àtijọ́, pẹ̀lú onílù àti arọ́kin rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ kò tú. Odi rẹ̀ gbà á, àwọn tí ìlú wọn ti di ahoro sì rọ́ wọlé láti apá gbogbo. Ilé wa ní ìgbà náà ni àwọn wọ ìlú, pẹ̀lú ìlù lọ́rùn. Àwọn tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n rí ilé wọ̀, kódà kí Ọ̀yọ́-Ilé tó tú, etí òkun ni wọ́n kó wọn lọ.

Nínú wọn ni àwọn méjì tí Fernando Ortiz, ọ̀mọ̀wé ará Kúbà, kọ nípa wọn. Añabí ni orúkọ ọ̀kan, ẹni tí orúkọ tí wọ́n ń pè é ní èdè Òyìnbó ibẹ̀ túmọ̀ sí Juan Arọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìkejì ni Atandá, agbẹ́gilére. Gẹ́gẹ́ bí Ortiz ti gbọ́ ọ, nǹkan bí 1830 ni wọ́n pàdé ní Havana, tí wọ́n gbẹ́ bàtá, tí wọ́n sì fi Àyàn, òrìṣà ìlù, sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàtá tó ní agbára ní Kúbà lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìran rẹ̀. Wọ́n ń pe ojú kékeré ní chachá, wọ́n ń pe ojú ńlá ní enú, wọ́n so chaworó mọ́ ìyá ìlù lára. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti yí padà: wọ́n ń jókòó, wọ́n ń gbé ìlù lé itan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú méjèèjì láìsí bílálà. Lẹ́yìn ọdún 1930 ni Ortiz tó mú àwọn onílù, Pablo Roche ṣáájú wọn, wá síwájú èrò nínú gbọ̀ngàn kan ní Havana. Kí ó tó dìgbà náà, inú ilé òrìṣà ni ìlù náà ti sábà máa ń dún. Dùndún kò rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rìn. Níbi tí kò ti sí ààfin tàbí ọ̀tọ̀kùlú tí yóò sanwó oríkì, kí ni dùndún fẹ́ ṣe? Òrìṣà ló gbé bàtá dé òdìkejì òkun, òrìṣà kan náà ló sì wá fẹ́ rì í nílé.

Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ lọ títí, ṣùgbọ́n ìjọ tó gbìn hù. Ní 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú, ìlú sì di ibùdó ńlá Onítẹ̀bọmi ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìmàle ń gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìran bàbá mi náà gba Ìmàle, bí ọ̀pọ̀ ilé Àyàn ti gbà á, síbẹ̀ wọ́n ń kírun ní ìdájí, wọ́n sì ń lù fún eégún ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun tó burú. Ohun tó burú ni pé àwọn tó ń bọ Ṣàngó ń dín, àwọn tó ń san owó eégún ń dín. Dùndún kò gbé òrìṣà kankan lórí. Ó lè kí àlùfáà, ó lè kí alájì tó ti Mẹ́kà dé, ó lè kí dókítà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn ìjọ míṣọ́nnárì kò fẹ́ rí ìlù rárá, dùùrù nìkan ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, dùndún ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n sì ní kí bàtá ṣì dúró níta. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ìyá mi a máa lù níbi ìkórè lọ́jọ́ Ìsinmi, lọ́sẹ̀ kejì á wà níbi wòlímọ̀. Bàbá mi á jókòó sílé, wọ́n á máa fi òróró pa awọ.

Dùndún tún rí ọba fi ṣe agbẹnusọ. Adétóyèṣé Láoyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí ó fi wàjà ní 1975, jẹ́ Onítẹ̀bọmi, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìyáàlù níwájú èèyàn, ohun tí a kò gbọ́ rí pé ọba ń ṣe. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí àwọn ìlù Yorùbá jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959, ó sì pín wọn bí àwọn àgbà ti ń pín wọn: ìgbìn fún Ọbàtálá, ìpèsè fún Ifá, bàtá fún Ṣàngó àti eégún, dùndún fún gbogbo ayé. Ọba kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ìlù tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tó ka ìyẹn, ẹ mọ èyí tí yóò mú. Ilé ìkàwé náà kò ṣe ojúsàájú kékeré: ní 1990 ni ọ̀mọ̀wé Akin Euba ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún, ìwé ẹnà bàtá sì tún lo ogún ọdún lójú ọ̀nà.

Bàtá ò kú, ó wá ọgbọ́n dá. Àwọn ọ̀dọ́ onílù kó àwọn omele kéékèèké jọ, wọ́n so mẹ́ta pọ̀, wọ́n sì fún awọ wọn ní oríṣi mẹ́ta: ìkan wálẹ̀, ìkan wà láàárín, ìkan lọ sókè. Omele mẹ́ta nìyẹn. Dò, re, mí ti wà nílẹ̀, bílálà á kàn máa fò láti orí ìkan dé orí ìkejì, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde gaara. Àwọn oní-fújì sáré gbà á, lẹ́yìn náà àwọn ìjọ tó sọ pé àwọn kò fẹ́ bàtá bẹ̀rẹ̀ sí rà á, nítorí pé lójú tiwọn kò jọ ìlù Ṣàngó mọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní bàtá ti lọ ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dùndún. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Omele mẹ́ta ń sọ ohùn, kò sọ ẹnà. Kò nílò rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó ń dùn létí, ó ń bọ́ àwọn ọmọ wa, ṣùgbọ́n n kò lè pè é ní àtúnṣe. Wọ́n wo ohun tí ìlù náà fi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sàn nítorí àtisọ èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ní Oṣù Kejìlá 2023, UNESCO fi ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ kún àwọn àjogúnbá tí gbogbo ayé mọ̀ sí. Àwọn ará òkèèrè ti ń wá sí Ẹrin-Ọ̀ṣun láti kọ́ bàtá tipẹ́, lára wọn ni àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ti Kúbà, tí wọ́n fẹ́ mọ ohun tí bílálà ń ṣe kí ó tó sọnù sínú omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń lu omele mẹ́ta ní ìjọ kan nígboro, pàdé wọn níbi ayẹyẹ kan ní Ọ̀yọ́. Òyìnbó kan fi ẹnà kí i. Kò lè dáhùn. Ó wá bá mi nílé, nítorí pé nínú àwọn tó kù nínú agboolé, èmi ni mo ṣì mọ̀ ọ́n lẹ́nu dé ìdí. Mo sọ fún un pé ẹnu nìkan ni mo ní, kó lọ wá ẹni tí yóò kọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ kò ṣòro, ọ̀rọ̀ ni òun ń wá. A ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ọjà bá ti tú. Ó ti mọ bí a ṣe ń kí àgbà, ó ti mọ bí a ṣe ń pe Ṣàngó. Ó ní kí n tètè dé ibi tí a ti ń fi ẹnà ná owó.